Ohun Tí Mo Kà Nígbà Òtútù

Ọkọ̀ onírin méjì ló wà lórí òkè wa ní Valparaíso,
bí ọ̀kan ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ lèkejì ń sọ̀,
èmi Eduvigis ni mo jókòó ti ọwọ́ irin tó ń dá wọn dúró.
Láàárín agogo kan sí òmíràn, ojú ewé méjì ni mo máa ń rí kà,
ó di mẹ́ta bí ìkùukùu bá bo etíkun tí èrò ọkọ̀ ò jáde.
Nítorí náà, bí èrò ọkàn mi bá já wẹ́wẹ́, ẹ fojú fò ó:
wẹ́wẹ́ ni mo kà á.

Don Anselmo, tó ń yá wa níwèé nídìí àtẹ̀gùn,
ló kọ́kọ́ fún mi ní ìtàn àwọn tó wa iyọ̀ ilẹ̀ nínú aṣálẹ̀ àríwá.
Ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́, kò sì parọ́:
ó ka àpò, ó ka ọkọ̀ ojú omi,
ó ka ọmọ tí ibà pa lábẹ́ òrùlé páànù.
Ó kà wọ́n pé. Ṣé ó kà wọ́n sí?
Bàbá mi lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀.
Títí tó fi kú, nínú ìlú olójò yìí,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń gbọn bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé,
eruku tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ló ń gbọ̀n.
Mo wá bàtà yẹn nínú irínwó ojú ewé, mi ò rí i.
Ìwé gidi ni o. Ẹ kà á.
Ohun tí mo wá ni mò ń sọ.

Ìtàn àròsọ ló tẹ̀ lé e. Ọkọ kan rì sókun,
ogún ọdún kọjá, ó yọ sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
ìyàwó dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gbé omi tíì kaná.
Filomena oníbúrẹ́dì sunkún títí ó fi fi omijé po ìyẹ̀fun.
Tèmi ò dà.
Oṣù mẹ́jọ péré ni Leoncio mi fi lọ pẹja ní gúúsù,
nígbà tó dé, mo ní, “Ta lẹ ń wá, ọ̀gá?”
Ó ní òun ni. Mo ní kó bọ́ fìlà ná.
Ẹni tó kọ ìwé yẹn mọ òkun, mi ò jiyàn,
ṣùgbọ́n kò dúró de ẹnikẹ́ni rí.

Èyí tó ní ogún ọjọ́ tó èèyàn láti yí ayé ara rẹ̀ padà,
ọjọ́ kejì ni mo dá a padà.

Ìwé ìmìtìtì ilẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí kí n tó ṣí i.
Mo rò pé òkúta nìkan ni màá bá níbẹ̀.
Ọ̀dọ́bìnrin tó kọ ọ́ ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ:
pẹ̀lú ìbẹ̀rù, pẹ̀lú ẹ̀rín abẹ́nú.
Ó ní ilẹ̀ kì í bínú, ó kàn ń tún ìjókòó rẹ̀ ṣe ni.
Mo kà á sétí Don Belarmino tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì,
ẹni tí ilẹ̀ ti gba ilé méjì lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ronú títí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fi ṣí.
Ó ní, “Ẹ bá mi sọ fún un kó máa rọra jókòó.”

Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ò nípọn ju ìka mi lọ.
Ọkùnrin kan ń tún aago ṣe. Ó jẹun. Ó sùn. Ó jí.
Ọgọ́ta ojú ewé! Mo bú òǹkọ̀wé, mo bú Don Anselmo,
mo tilẹ̀ bú ẹni tó gé igi tí wọ́n fi ṣe tákàdá.
Àfi lọ́jọ́rú, ní ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta,
tó gbé àwo méjì sórí tábìlì,
tó wò wọ́n, tó gbé ọ̀kan kúrò,
tó fọ̀ ọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ti fi jẹun.

Agogo dún, mi ò gbọ́.
Ọkọ̀ kan dúró sókè, ọ̀kan dúró nísàlẹ̀,
àwọn ọmọ ilé ìwé ń kan gíláàsì,
ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko.
Ọ̀gá mi ti kọ ìwé ìkìlọ̀ sí mi:
ojú ewé kan, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò ládùn.

Don Anselmo bi mí láàárọ̀ yìí bóyá ìwé aago yẹn dára.
Mo ní mi ò tíì mọ̀.
Mo ní kó jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi di ọjọ́ Ẹtì.