Gèlè Màmá Òtítọ́jù

Ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ jókòó sí oríta Kàbbà,
ìwé lórí itan, bírò létí.
Ó ń ka ọ̀kadà, ó ń ka kẹ̀kẹ́ Márúwá,
ó ń fa ìlà márùn-ún márùn-ún
bí ẹni tó ń ka ọsàn.
"Òkun o," ni mo kí i. "Kí lẹ fẹ́ fi iye wọn ṣe?"
Ó ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá èéfín ń dínkù.

Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé Màmá Òtítọ́jù
tó kọjú sí títì,
níbi tí gèlè funfun kan ti ń gbé orí okùn
láti ọjọ́ Ajé.
Lọ́dún tó kọjá, kó tó di Ọjọ́rú
ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò.
Lọ́dún yìí Òtítọ́jù ta ọ̀kadà rẹ̀,
ó ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí oòrùn ń bọ́,
òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta,
mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ó lé.

Gèlè ṣì ń dúdú.
Ṣùgbọ́n ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó dúdú.

Ọmọ ìjọba yẹ ìwé rẹ̀ wò títí,
kò rí ibi tí yóò kọ ọjọ́ kan ṣoṣo sí.
Màmá wúkọ́,
ó fọ gèlè, ó tún sá a.