Ẹni Tó Di Tọ́ọ̀ṣì Mú

Ní Haputale, níbi tí kùrukùru ti ń wọlé láì kanlẹ̀kùn,
Morris ọdún 1959 kan wà lábẹ́ páànù,
àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tíì tí wọ́n sá gbẹ.
Láàárọ̀, á dáhùn ní ìpè kan.
Tó bá gun òkè dé ilé iṣẹ́ tíì, tí ara rẹ̀ gbóná,
á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kú sáàárín ọ̀nà,
àwọn obìnrin tó ń já ewé á gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á tì í.
Letchumi ní òun ti ti ọkọ̀ yìí ju iye ìgbà tí òun pọn ọmọ lọ.

Ìyá Nandawathie ránṣẹ́ pè mí.
Èmi Asela, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún,
tó ń fi fóònù bá ẹ́ńjìnì sọ̀rọ̀.
Mo wá ihò tí mo fẹ́ ki wáyà bọ̀.
Kò sí ihò.

Ó ní, “Ṣí fìlà dúdú tó ní okùn márùn-ún lórí yẹn.”
Irin méjì ló dojú kọra nínú ibẹ̀,
kékeré, bí eyín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.
Kọ́ńtáàtì.
Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, n ò fojú kàn án rí.

“Tí wọ́n bá fẹnu kora, iná ń wọ kọ́ìlì,
ó ń kó ara jọ, kò tíì sọ nǹkan kan.
Ìgbà tí wọ́n bá yara ni iná tó ń fò lọ bá pulọ́ọ̀gì.
Bí àlàfo wọn bá há jù, wọ́n á jó ara wọn lẹ́nu.
Bó bá fẹ̀ jù, kọ́ìlì ò ní jẹun yó.”
Kò sọ ọ́ bí òwe.
Ọ̀rọ̀ kọ́ńtáàtì náà ló ń sọ.

Mo yọ ọ́ wò. Ojú rẹ̀ ti jó,
ẹ̀gbẹ́ kan yọ ṣóńṣó, ìkejì di kòtò.
Mo ní kọ́ńdẹ́ńsà ni, agolo kékeré
tó yẹ kó gbé iná àjẹkù mì.
Tí ara bá tutù, ó ń mú un mọ́ra;
tí ara bá gbóná, ó ń pọ̀ ọ́.
Inú mi dùn. Mo pààrọ̀ méjèèjì.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì yí, yí, yí.
Kò dáhùn rárá.
Ó sàn kó máa kú lórí òkè.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo yẹ bátìrì wò, mo nu pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
mo bú àwọn òyìnbó tó ṣe é àti ọmọ wọn.
Ìyá kò bú ẹnikẹ́ni. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó dúró lápá òsì mi,
ó tanná sójú kan, kò sì gbé e kúrò:
nọ́ọ̀tì kékeré kan, wáyà méjì lábẹ́ rẹ̀,
àti wọ́ṣà pépà kan bí ìpẹ́ ẹja.
Orí ni mo fi í sí. Ìsàlẹ̀ ni àyè rẹ̀.
Gbogbo iná ti ń ṣàn sínú ara ọkọ̀
bí omi tí a pọn sínú agbọ̀n.

“Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀?”
“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi di tọ́ọ̀ṣì mú fún Wimalasena.
Kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́.
Ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yẹ̀ lórí wọ́ṣà yẹn,
á pariwo.”

Ó ya etí páálí ìṣáná. A yí ẹ́ńjìnì
títí gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì fi gun téńté,
mo sún un, mo sún un padà,
títí páálí fi wọlé tí ó ń fa ọwọ́ díẹ̀.
Gíríìsì bí orí abẹ́rẹ́ sí gìgísẹ̀.
Kọ́kọ́rọ́.

Ó gbé e gun òkè fúnra rẹ̀, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ní ìyànà ilé iṣẹ́ tíì, Letchumi ti rí wa,
ó ti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó ti ká etí sárì rẹ̀ sókè,
ó na ọwọ́ méjèèjì.
A kọjá lára rẹ̀.