Ọ̀sán Ọjọ́rú Lójú Màrínà

Rìsìkátù ló ní ká lọ.
Ó ní ìrẹsì ọ́fíìsì ti sú òun,
ìrẹsì kan náà, ẹyin kan náà,
láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wa wá sí kánsù Ẹ̀pẹ́.
"Obìnrin kan ń dáná lójú Màrínà,
kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe adúláwọ̀.
Ìlú tó ti wá, ẹnu mi ò ká a."

Ẹnu tèmi náà ò ká a.
Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó, aró àti funfun:
Èlì Sálífádọ̀.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí ìgbà tí mo bá ń yẹ orúkọ wò
lórí ìwé owó-orí tí mo fura sí.

Bẹ́ǹṣì méjì. Tábìlì tí wọ́n tẹ́ rọ́bà olódòdó lé.
Fáànù kan tó ń mi orí bí ẹni ń sọ pé rárá.
Òórùn ẹja láti Ayétòrò wọlé láì kanlẹ̀kùn,
ó jókòó tì wá.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ń kọ́?" Rìsìkátù bèèrè.
Kò sí.
Ó tún bèèrè. Kò sí.
Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, obìnrin náà gbé ìkòkò wá,
ó ṣí i sí i lójú pé kó wò ó:
ẹ̀wà lílọ̀, wàrà, ẹja tí wọ́n ti yọ eegun rẹ̀.
"Ẹpẹ niyi," ó ní. "Mo mọ ibi ti mo wa."

Ó bu àgbàdo pípò sọ́wọ́,
ó fi àtàǹpàkò gbẹ́ kòtò sí i láàárín,
ó sin ẹ̀wà síbẹ̀, ó pa ojú rẹ̀ dé,
ó wá ń gbá a láti ọwọ́ dé ọwọ́,
pá, pà, pá, pà,
mo rò pé ẹnìkan ń pàtẹ́wọ́ fún wa pé a wá.

Pùpúsà ló pè é.
Àmì irin gbígbóná wà lójú rẹ̀ bí àbàjà.
Mo wá fọ́ọ̀kì.
"Ọwọ," ó ní,
bí ìyá tó ń bá ọmọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé wí.
Mo ya á. Wàrà fà bí okùn àwọ̀n,
mo na apá títí, kò já.
"Ṣé o fẹ́ fà á dé Ìjẹ̀bú-Òde ni?"

Kábéèjì kíkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ta mí lẹ́nu jí.
Ohun mímu inú ife dà bí kúnú tó ti rìnrìn àjò.
"Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni," Rìsìkátù ń jẹ, ó ń dájọ́.
"Rárá, ẹ̀kọ ni.
Dúró ná. Àádùn tó lóyún ni!"
A rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi dún.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ èkejì, n kò wá nǹkan kan mọ́
tí mo lè fi í wé.

A bi í bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.
Yorùbá rẹ̀ já geere, ohùn nìkan ni kò dúró,
ó ń gòkè níbi tí tiwa ti ń sọ̀.
Ó nawọ́ sí ọ̀sà.
"Ọkọ mi lo gbe mi wa."

Rìsìkátù wò mí.
Ọkọ ni àbí ọkọ̀?
Wọ́n ní atukọ̀ òkun ni Ọ̀ṣínúgà, ọmọ Pópó-Ọba.

"Ọkọ mi ti lọ," ó ní. "Ko pada."

Bákan náà ni wọ́n rí lẹ́nu rẹ̀,
ọkùnrin náà àti irin tó gbé e lọ.
Èmi tí mo máa ń fi bíírò pupa
tún orúkọ olórúkọ ṣe láti àárọ̀ dalẹ́,
n kò fi àmì kankan sí i.

Aago méjì ti kọjá.
Lẹ́nu ọ̀nà, Rìsìkátù tún yíjú padà:
"Ẹ jọ̀ọ́, ó dájú pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀?"

Ní ọ́fíìsì, òróró ìka mẹ́ta
wà lára fáìlì tí mo ṣí.
Ọ̀gá bi mí pé kí nìyí.
Mo ní àgbàdo ni.