Ẹ̀ka Ogún

Nígbà tí ẹ̀ka wa jẹ́ mọ́kàndínlógún,
adìyẹ ń yan, ẹnikẹ́ni kò bi í pé mélòó ni ọ́.
Ọ̀gá wa Custódio wá ṣílẹ̀kùn tuntun ní Sudbury,
ó gé ríbọ́nì, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà,
òfin Ontario sì kan ilẹ̀kùn: ẹ ti pé ogún.
Bí ilé oúnjẹ bá pé ogún lábẹ́ orúkọ kan,
kí iye kálórì dúró ti iye owó,
kí ọ̀kan má kéré ju èkejì lọ lójú.

Èmi ni wọ́n gbé àkàbà fún.
Aago mọ́kànlá alẹ́, òpópónà Barton, ní Hamilton,
yìnyín ń fi èékánná ha gíláàsì,
èmi Ìbírónkẹ́, ọmọ ẹni tí kì í wo ìkòkò kó tó bu ọbẹ̀,
mò ń lẹ nọ́ńbà mọ́ oúnjẹ bí ẹni ń kọ gbèsè sára ògiri.
Ìdajì adìyẹ pẹ̀lú ànàmọ́ díndín: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀fà.
Ọbẹ̀ ẹ̀wà: ọ̀ọ́dúnrún dín mẹ́wàá.
Kéèkì ẹlẹ́yin, èyí tí mo ti ń jẹ ní méjì-méjì
lẹ́yìn iṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta: igba ó lé ogún,
ẹyọ kan.
Mo jókòó lórí àkàbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọdún mẹ́ta.
Mo dá a dúró.

Nílé wa, ẹni tó bá ka òkèlè mọ́ àlejò lẹ́nu
ti kó ìtìjú bá ìdílé.
Ìyá mi a máa ní: bù sí i, abọ́ kì í sọ̀rọ̀.
Abọ́ kò sọ̀rọ̀ lóòótọ́.
Bàbá mi bu ṣúgà sí tíì, ṣíbí mẹ́rin, abọ́ kò sọ̀rọ̀;
ẹsẹ̀ rẹ̀ kú láti ọmọ-ìka, abọ́ kò sọ̀rọ̀;
ní ọsibítù Ìkirè wọ́n gé e dé orókún.
Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí dókítà sọ, nọ́ńbà ni.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn oníbàárà dé.
Derek, awakọ̀ tírélà, gbójú sókè, ó súfèé:
“Dọ́là mẹ́rìnlá fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀fà? Ọjà rere ni!”
Ìyá àgbà Wojtas, tó ti ń jẹ àwo kan náà
láti ìgbà tí iléeṣẹ́ irin ṣì ń pọ èéfín,
yọ awò ojú, ó kà á, ó nu awò, ó tún un kà.
“Gbogbo ìgbà yìí, ẹ ò sì sọ fún mi?”
Mi ò mọ èsì.
Ó ra ìdajì. Ó sanwó bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Lọ́sàn-án, ọmọbìnrin kan wọlé tòun ti báàgì ilé-ìwé,
apá rẹ̀ nínú síwẹ́tà bí igi ìṣáná nínú páálí.
Kò wo orúkọ oúnjẹ kankan.
Nọ́ńbà nìkan ló ń kà, ètè rẹ̀ ń mì,
láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè,
bí ẹni ń wá orúkọ ara rẹ̀ nínú èsì ìdánwò.
Ó ní omi. Omi lásán.
Òdo ló wà níwájú omi; ọwọ́ mi ló lẹ̀ ẹ́.

Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ pátákó, tí ẹnikẹ́ni kì í kà:
àgbà nílò bí ẹgbàá lóòjọ́, ọmọdé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ,
ṣùgbọ́n ohun tí ara kan ń fẹ́ kọ́ ni òmíràn ń fẹ́.
Mo fẹ́ fa ìka rẹ̀ lọ síbẹ̀.
Mo fẹ́ sọ fún un pé nọ́ńbà ò le tó bó ṣe rò,
pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ gan-an, lédè ìyá mi,
ẹgbẹ̀jọ tó yọ̀ǹda ọgọ́rùn-ún ni.
Mo rántí pé yíyọ ló ti mọ̀ jù.
Mo pa ẹnu mi dé.

Mo bu ọbẹ̀ ẹ̀wà sí ife kékeré tí a fi ń tọ́ nǹkan wò;
mi ò rí nọ́ńbà ìtọ́wò lára pátákó.
Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ omi rẹ̀, mo kọjú sí ẹ̀rọ owó
bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀.
Nígbà tí mo padà wò, ọmọ náà ti lọ.
Ife wà níbẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí.
Mi ò ṣí i wò kí n tó sọ ọ́ sínú omi ọṣẹ.
Ọmọ ẹni tí kì í wo ìkòkò ni mí.