Àga Ọmọdé

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ, orí àga ọmọdé la máa ń jókòó sí
ní kíláàsì kẹta ilé ìwé tó wà ní Òdòṣídà,
orúnkún wa ń kan àgbọ̀n wa,
àwa tí a ti bímọ, tí a ti sin òbí.
Akínmúrelé tó ń tún alùpùpù ṣe
ló ń gbé fìtílà onísóólà wá;
ó ń di ṣọ́ọ̀kì mú bí ẹni di ẹyin.

Tísà Akínfọlárìn ya òbìrìkìtì kan sójú pátákó.
"Oǹdó nìyí. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ owó.
Ìyá Morádékẹ́, owó kòkó yín, ta lẹ ná an fún?"
Màmá ka ìka:
ọṣẹ tó ti Ìbàdàn wá,
bisikíìtì tó ti Èkó wá,
àga oníke tí kò mọ ibi tó ti wá.
Bó ti ń kà á ni Tísà ń fa ọfà síta,
títí ojú pátákó fi dà bí eérú tí adìẹ tẹ̀.
Ọfà ẹyọ kan péré ló yíjú padà sílé:
owó bàtà tó gbé wá fún mi rán.
Ojú tì mí. Inú mi sì dùn.

Fọlọ́runṣọ́ ní, "Ká wá máa ra èyí tí kò dáa
nítorí pé ọmọ ìlú wa ló ṣe é?"
Tísà gbọn ẹfun ọwọ́ rẹ̀ dànù, kò fèsì.
Mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ náà bí mo bá ń lu ìṣó.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ ló mú wá.
Afárá odò ẹ̀yìnkùlé mi wà níbẹ̀:
wọ́n ti parí rẹ̀, wọ́n ti sanwó rẹ̀.
Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an
mo ká ṣòkòtò, mo ru bàtà oníbàtà lórí,
mo fẹsẹ̀ la odò yẹn kọjá.

Ẹnikẹ́ni kò pariwo.
Ó ní ká kọ lẹ́tà, a ń wo ara wa.
Morádékẹ́ tó ti sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀ ló gbórí sókè:
"Èmi mọ̀ ọ́n kọ."
Ó kọ ọ́. Ó bi wá ní ìbéèrè bí adájọ́,
ó ní ṣé a dá ọjọ́ náà lójú.
Àwa mẹ́rìndínlógún bu ọwọ́ lù ú.
Ní ti Akínmúrelé, kò wá yíǹkì;
gírísì ti wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.

Èsì kò tíì dé.
Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, odò sì ti ga dé itan mi.

Ṣùgbọ́n lánàá, bàbá káfíńtà tó ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn,
tí kò tíì la ẹnu láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀,
dìde, ó fa okùn yọ lápò,
ó kúnlẹ̀,
ó ń wọn ẹsẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti gìgísẹ̀ dé orúnkún.