Àpótí Bàtà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ ìṣirò owó ìjọ yìí,
pẹ́ńsù ni mo ń lò, torí ọwọ́ èèyàn a máa ṣèèṣì.
Bí oṣù kìíní bá ti dé, lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ á dé,
àpòòwé funfun tó ní fèrèsé kékeré níwájú:
Ilé ìjọsìn. Owó orí: òdo.
Mo máa ń ká a sínú àpótí bàtà.
N kò bi í léèrè rí.
Ta ló ń bi òjò pé èló ni?

Òdìkejì títì ni Delmar Oakes ti ń gẹrun,
àga méjì, dígí kan tó ti sán.
Ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ó lé ni owó ilé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá,
ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pín in san, ó ń ráhùn láàárín.
Irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà wa,
òun ló gbé ọkọ̀ panápaná wá
lọ́jọ́ tí wáyà jó ní ilé ìdáná ìjọ.
Bí mo bá ń kọjá, á fi abẹ tọ́ka sí ṣóńṣó òrùlé wa:
"Verna, bá mi kí Ọlọ́run.
Sọ fún un pé mo ti san tiwa méjèèjì."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí kì í dé ọ̀fun.

Ọjọ́ ìsinmi kejì oṣù kẹwàá,
nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń kórè àgbàdo lóko gbogbo,
ọkùnrin kan wọlé tí bàtà rẹ̀ kò ní ẹrẹ̀.
Curtis Thayne. Ó fẹ́ lọ sílé aṣòfin.
Pásítọ̀ Brandvold gbé ọwọ́ lé e lórí
bí ẹni ń fi díákónì jẹ.
Kò ní ká dìbò fún un o.
Ó kàn ní: "Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ̀."
Opal Wedemeyer dìde nínú ẹgbẹ́ akọrin,
ọmọ rẹ̀ ló ń bá Thayne du ipò yẹn.
Kò sọ̀rọ̀. Bàtà rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lórí pákó, kó, kó, kó,
títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, ìwé gbèsè dé:
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìwé pélébé, ojú Thayne lára gbogbo wọn,
dọ́là ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá.
Pásítọ̀ lẹ bébà kékeré mọ́ ọn:
"Verna, kọ ọ́ sábẹ́ ìhìn rere."

Mo jókòó tì í.
Dọ́là mọ́kànlá ni Opal máa ń fi sínú àpòòwé rẹ̀ lọ́sẹ̀,
á tún lẹ sẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mọ́ páálí kó má baà sọnù.
Mo mọ páálí yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ọkọ mi tó kú.
Mélòó nínú rẹ̀ ló ra yíǹkì
tí wọ́n fi ya ojú ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ jà?

Síbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́.
Mo wà ní Memphis lọ́mọdé, mo rí ìjọ àwọn adúláwọ̀
tó ń fi bọ́ọ̀sì ìjọ kó èèyàn lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò,
lásìkò tí wọ́n ń jù wọ́n lókùúta nítorí rẹ̀.
Ta ni ì bá ní kí wọ́n dákẹ́? Kì í ṣe èmi.
Ṣùgbọ́n ìyẹn ń ṣílẹ̀kùn ni. Èyí ń na ìka sí ẹnì kan.
Àbí èmi ni mo ń wá àwáwí? N kò mọ̀.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìjọba ní
àwọn ò ní gba sẹ́ńtì kan lọ́wọ́ wa,
ká ṣáà má bá wọn ta olóṣèlú.
Àdéhùn ni. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn.

Mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, mo wá bírò.
Mo kọ ọ́: Ìpolongo ìbò, Thayne, 612.
Yíǹkì náà pẹ́ kó tó gbẹ.
Lójú fèrèsé, Delmar ń gbálẹ̀ irun jáde,
irun funfun, irun pupa, gbogbo rẹ̀ papọ̀,
kò tilẹ̀ gbójú sókè.