Awọ Fẹ́lẹ́

Má tíì kì í bọ iná, Gàníyù. Dúró.
Ọdún mọ́kànlá ni rédíò yìí fi sùn
lórí àjà ilé Alhájì Kúranga, ní Ìdí-Àpẹ.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e wá láàárọ̀,
ó fi ìborùn nu eruku ọyẹ́ ojú rẹ̀,
ó ní, "Kó ṣáà ti sọ̀rọ̀."
N kò bi í léèrè ohùn ta ni.

Wo agolo yìí, kò ju àtàǹpàkò lọ.
Bébà alumíníọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, a ká a bí ẹní.
Ohun tó dá iná lẹ́kun nínú rẹ̀
kì í ṣe rọ́bà, kì í ṣe ògiri.
Ìpáàrà ni.
Kì í ṣe irú èyí tó jẹ àdá bàbá rẹ o;
èyí ń ṣọ́lé.
Awọ inú ẹyin nípọn jù ú lọ lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Kò sì sí èyí tí kì í jò.
Tuntun, àlòkù, mo ti fi mítà wò wọ́n:
abẹ́rẹ́ á mì díẹ̀,
bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lójú oorun.
Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Tanke sọ fún mi
pé bí awọ bá tín-ín-rín dé ibì kan
iná kì í wá ihò mọ́:
níhìn-ín ló wà, ọ̀hún ló wà,
kò fo ògiri, kò lu ògiri.
Mo ní mo mọ̀ ọ́n.
Bẹ́ẹ̀ náà ni ikú Alhájì ṣe dé Ọjà Ọba
kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó ṣílẹ̀kùn.

Ìdákẹ́ ló ń ba awọ jẹ́.
Bí iná kò bá kàn án pẹ́, á máa ṣá, á máa lu.
Fún un ní iná Nẹ́pà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á bú:
àpá ìgbọ̀nwọ́ mi nìyí.
So gílóòbù yìí mọ́ ọn, kó bá a gba díẹ̀ nínú ẹrù.
Fi díẹ̀ sí i. Dúró. Fi díẹ̀ sí i.
Iná tó ń jò yẹn gan-an
ló ń rán ibi tó ya.

Gílóòbù pọ́n. Ó rọra ń ṣú.
Wọ́n ti ń pe ìrun Màgàríbì; lọ ṣe àlùwàlá,
èmi yóò jókòó tì í.

Nígbà tí obìnrin náà dé, rédíò ń hó,
híhó lásán, kò sí ilé iṣẹ́ kankan lójú ibẹ̀ mọ́.
Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.
Ó di ọwọ́ mi mú.